Ọkọ̀ abẹ́ omi kékeré tí mo fọwọ́ kàn ń mu omi, ibo ló ń gbà wọlé?

Ọmọ_Odò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo iṣẹ́ yìí, torí èmi ti wò ó títí ojú mi ò rí nǹkan kan mọ́. Oṣù kẹrin rèé tí mo ti ń kan ọkọ̀ abẹ́ omi kékeré kan, kì í ṣe èyí téèyàn ń wọ̀ o, èyí tí kámẹ́rà wà nínú ẹ̀ téèyàn á dúró sétí omi táá máa darí ẹ̀ ni. Ikùn ẹ̀ jẹ́ páìpù acrylic tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, ó gùn ní 30. Ìdérí iwájú, silicone, gọ́ọ̀mù tó máa ń gbẹ di rọ́bà yẹn, ni mo fi lẹ̀ ẹ́ pa. Ìdérí ẹ̀yìn ló ń ṣí, O-ring kan, òrùka rọ́bà tó ń dí omi, ló wà lára ẹ̀, ibẹ̀ náà ni gbogbo wáyà ń gbà wọlé, ihò 4 ni mo lu sí i, 3 fún mọ́tọ̀, 1 fún okùn wáyà tó ń bọ̀ láti òkè, mo wá fi silicone dí gbogbo ẹ̀. Férémù ẹ̀ páìpù PVC ni. Bátìrì 12 V wà lókè lọ́dọ̀ mi, okùn Cat5 tí wọ́n fi ń ṣe íntánẹ́ẹ̀tì, mítà 20, òun ló ń gbé iná lọ tó sì ń gbé àwòrán bọ̀.

Nínú korobá ńlá, mo tẹ̀ ẹ́ rì fún wákàtí kan, kò sí ẹ̀kán omi kan. Inú mi dùn débi pé oorun ò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ kejì mo gbé e lọ sínú omi tó jìn tó mítà 3, ìṣẹ́jú 20 ò tíì pé tí àwòrán fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì bíi pé kùrukùru bò ó, nígbà tí mo máa fà á jáde, omi tó tó ṣíbí ìjẹun 3 ti wà nísàlẹ̀ ikùn ẹ̀. Mo nù ún, mo fi silicone kún silicone, mo tún gbé e padà, bákan náà ló rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣe é báyìí, kámẹ́rà kan sì ti bá a lọ.

Ibo gan-an lomi yìí ń gbà? Àwọn nǹkan míì tún wà o: mọ́tọ̀ máa ń yí dáadáa lórí tábìlì pẹ̀lú wáyà kúkúrú, ṣùgbọ́n tí mo bá ti so okùn gígùn yẹn mọ́ ọn, ńṣe ló máa ń wọ́ bí arúgbó. Ìdí ọkọ̀ náà ló sì máa ń kọ́kọ́ rì, orí ẹ̀ á wá wo òkè. Mo tún ń rò ó pé bóyá kí n kúkú yọ okùn yẹn kúrò kí n lo Wi-Fi. Èyí tó wà lọ́kàn mi jù sì ni pé tí kékeré yìí bá yọrí, mo fẹ́ kan èyí tí èmi fúnra mi lè jókòó sínú ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ bá mi dá sí i.

Wáyà_Pupa

Ọmọ_Odò, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìpàdánù kámẹ́rà. Kí ẹ tó fi silicone kankan kún un mọ́, ẹ dá mi lóhùn kan: nígbà tí ẹ ṣí i, ibo lẹ ti kọ́kọ́ rí ọ̀rinrin? Ṣé ara ògiri páìpù ni, àbí ẹnu wáyà níbi tí ẹ ti bó o?

Ìdí tí mo fi ń bi yín ni pé wáyà fúnra ẹ̀ ni mo fura sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé téèyàn bá ti dí ẹ̀gbẹ́ ihò tí wáyà gbà kọjá, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Nínú awọ rọ́bà Cat5 yẹn, wáyà tín-tìn-tín 8 ló lọ́ mọ́ra wọn níbẹ̀, àyè sì wà láàárín wọn, àyè yẹn ṣí sílẹ̀ láti orí okùn dé ìdí ẹ̀. Tí awọ òde bá ti là níbì kan, bó ṣe wù kó kéré tó, omi á wọ ibẹ̀, á máa rin inú okùn bọ̀ jẹ́jẹ́, á wá jáde níbi tí ẹ ti bó ẹnu ẹ̀, ìyẹn ni pé àárín ikùn ọkọ̀ gan-an láá dà á sí. Silicone tí ẹ bá kó sí ìta ò kan ọ̀rọ̀ ẹ̀ rárá. Wáyà mọ́tọ̀ tún wá burú jùyẹn lọ, torí bàbà inú ẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, irun irun ni, omi á sì máa gun àárín irun yẹn bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà. Tí omi bá lè dé ẹnu wáyà níbi mọ́tọ̀, ó ti rí ọ̀nà dé inú.

Èmi náà ti kàn án rí. Okùn mi fara ha òkúta, àpá ẹ̀ ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, n ò sì rí i. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń tú ìdérí tí mo ń pa á dé, O-ring 3 ni mo pààrọ̀. Ọjọ́ tí mo gé okùn yẹn láàárín, omi kán jáde lẹ́nu ẹ̀ lójú mi báyìí, mo kàn jókòó sílẹ̀ ni.

Ẹ wá wo ti korobá tó tàn yín jẹ. Omi inú korobá ò lè ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 lọ lórí ọkọ̀ yẹn. Mítà 3 jẹ́ ìlọ́po 10 ẹ̀, pírẹ́ṣọ̀ náà sì jẹ́ ìlọ́po 10. Ohun tí ò lágbára láti ti omi gba inú wáyà nínú korobá, ó ní agbára yẹn dáadáa ní mítà 3.

Bí mo ṣe ń dí i rèé. Ibi tí wáyà máa ti wà láàárín ihò ìdérí gan-an, ẹ bó awọ ẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2, awọ òde àti awọ inú, kí bàbà hàn sójú. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó o títí lẹ́ẹ̀dì fi máa mu gbogbo irun bàbà yẹn tó máa di odindi kan. Ẹ ya wọn sọ́tọ̀ kí ìkan má fara kan èkejì, kí ẹ wá da epoxy, gọ́ọ̀mù alápòpọ̀ méjì tó máa ń gan, sí i kó fọwọ́ kan bàbà yíká. Ibẹ̀ nìkan ni ọ̀nà yẹn ti máa ń pin. Epoxy tó ń gan níṣẹ́jú 5, ẹ má lò ó, kì í fara da omi tó èyí tó ń gba wákàtí 24, kì í sì í rí àyè ṣàn wọ kọ́rọ́ kí ó tó gan. Ẹ fi sáńdípépà ha ara rọ́bà wáyà àti inú ihò yẹn kí wọ́n rí nǹkan dì mú, kí ẹ fi spírítì nù ún, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.

Gírísì_Díẹ̀

Òótọ́ lọ̀rọ̀ Wáyà_Pupa, ṣùgbọ́n n ò gbà pé wáyà nìkan ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú ohun tí ẹ kọ ni "silicone kún silicone". Silicone tuntun kì í lẹ̀ mọ́ èyí tó ti gbẹ. Á jọ pé ó lẹ̀ o, tí ẹ bá fi ìka fà á ẹ máa rí i tó ń ṣí bí awọ alùbọ́sà. Ẹ fi abẹ ha gbogbo ẹ̀ kúrò títí acrylic fi máa mọ́, kò sí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀. Ẹ tún rántí bó ṣe rùn nígbà tí ẹ ń fún un, ṣé ó rùn bí ọtí kíkan? Tó bá rùn bẹ́ẹ̀, ásíìdì ló ń jáde lára ẹ̀ bó ṣe ń gbẹ, ásíìdì yẹn sì máa ń jẹ bàbà. Ẹ yẹ wáyà yín wò bóyá ó ti ń di aláwọ̀ ewé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ìdérí yẹn, torí àfìgbà téèyàn bá rí nọ́ńbà ẹ̀ ló máa tó mọ ohun tó ń bá jà. Gbogbo mítà 10 téèyàn bá wọ̀ nínú omi, nǹkan bíi kílò 1 ló ń tẹ sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó. Ìdérí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, ojú ẹ̀ tó 78 irú ẹ̀. Tó bá wá dé mítà 10, àgbàlagbà kan tó wúwo tó kílò 78 ló dúró lé ìdérí yẹn, kò sì ní sọ̀kalẹ̀. Ní mítà 3 tiyín, ó lé ní kílò 23. Silicone tó rọ̀ bí ìsàlẹ̀ etí ni ẹ fi ń gba ẹrù yẹn dúró níwájú. Ẹ wá ìdérí iwájú tó ní èjìká, tí etí páìpù máa jókòó lé, kó jẹ́ pé bí omi bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ṣe máa ń fún mọ́ra sí i.

Ọ̀rọ̀ O-ring, èmi fẹ́ràn ẹ̀ gan-an torí ohun kékeré ni, àmọ́ kì í gba ìgbàkugbà. Rọ́bà yẹn gbọ́dọ̀ fún dáadáa nínú kòtò ẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú 5 sí ìdá kan nínú 4 sísanra ẹ̀ ló yẹ kó pàdánù. Tí O-ring yín bá sanra ní mílímítà 3, kòtò ẹ̀ kó jìn ní 2.3 tàbí 2.4, kó fẹ̀ tó 4 kí rọ́bà ríbi tẹ̀ sí. Tí kòtò bá jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ, rọ́bà kàn sùn síbẹ̀ ni, kò dí nǹkan kan. Irun orí ẹyọ kan tó bá dùbúlẹ̀ sórí ẹ̀, ọ̀nà omi nìyẹn. Yanrìn ẹyọ kan náà. Ẹ máa fi ìka yí i wò kí ẹ tó pa á dé, ojú ò tó, ìka ló máa ń rí i. Tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ má fi orí síkúrúdíráfà tú u, ó máa ha kòtò, ẹ fi ike pẹlẹbẹ.

Gírísì, díẹ̀ ni o. Kó kàn máa dán. Gírísì kì í dí ihò, iṣẹ́ ẹ̀ ni kó jẹ́ kí rọ́bà yọ̀ wọ ààyè ẹ̀ láì lọ́, tí ẹ bá rọ́ ọ kún ibẹ̀, yanrìn ló máa kó mọ́ra. Rọ́bà dúdú nitrile gba gírísì silicone dáadáa. Tó bá jẹ́ pé rọ́bà silicone lẹ rà, ẹ má fi gírísì silicone sí i, ó máa ń wú u. Ẹ má sì fi fasilíìnì sí rọ́bà EPDM tàbí rọ́bà igi, á bà á jẹ́.

Ohun tó kù ni pé ẹ lu ihò kékeré kan sí ìdérí ẹ̀yìn, kí ẹ fi síkúrù tó ní O-ring tiẹ̀ dí i. Torí bí ẹ ṣe ń ti ìdérí wọlé, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ò ríbi gbà, ó ń ta ìdérí padà sí yín, ẹ̀yin á rò pé ó ti jókòó nígbà tí kò tíì jókòó. Ẹ ṣí ihò yẹn, ẹ ti ìdérí dópin, kí ẹ wá dí i.

Ọmọ_Odò

Ẹ ṣeun púpọ̀, ọ̀gá mi méjèèjì. Mo sáré lọ wò ó. Ẹnu wáyà lomi ti kọ́kọ́ hàn, Wáyà_Pupa, ó tutù rinrin láàárín àwọn wáyà kéékèèké yẹn, ògiri òkè gbẹ. Silicone yẹn rùn bí ọtí kíkan lóòótọ́, èmi rò pé bí gbogbo ẹ̀ ṣe ń rùn nìyẹn. Bàbà 2 ti di aláwọ̀ ewé.

Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé mo ti dí i tán láì tún fi kámẹ́rà míì ṣe ìdánwò? N ò lágbára láti tún pàdánù ìkan.

Ìjìnlẹ̀

Àbúrò mi, ìbéèrè tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi nìyẹn, kí ẹ tó fi nǹkan kan sínú ẹ̀ rárá. Èmi kì í gbé kámẹ́rà wọ ikùn ọkọ̀ tí n ò tíì fìdí ẹ̀ múlẹ̀ lófìfo. Kò sí bí ó ṣe ń yá mi lára tó.

Ohun tí mo ń lò ni pọ́ǹpù ọwọ́ tí àwọn mẹkáníìkì fi ń fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú bíréèkì, èyí tó ní géèjì lára. Ẹ so ọ́ mọ́ ihò kékeré tí Gírísì_Díẹ̀ ní kí ẹ lu yẹn, ẹ fa afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ síta títí géèjì fi máa dé 10 lórí ìwọ̀n ínṣì mẹ́kúrì. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú 3 agbára afẹ́fẹ́ ayé, ó sì dọ́gba pẹ̀lú kí ọkọ̀ náà wà lábẹ́ omi tó jìn tó mítà 3 àbọ̀. Ẹ rí i pé ibi tó ti ń jò gan-an nìyẹn, orí tábìlì yín náà lẹ sì wà, láì sí ẹ̀kán omi kan nítòsí. Ẹ wá fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Tí ọwọ́ géèjì ò bá kúrò níbẹ̀, tàbí kó kàn yẹ̀ díẹ̀ bíi ìdajì sí 1, ẹ ti ń bọ̀ lọ́nà. Tó bá ń wálẹ̀ lójú yín, ó ń jò. Ẹ má gbé e sínú oòrùn nígbà yẹn o, tí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ bá gbóná, géèjì á yẹ̀ láì jẹ́ pé ó ń jò.

Ẹ fi ikùn tó ṣófo ṣe é, àmọ́ kí gbogbo wáyà wà níbi tí wọ́n máa wà, kí ẹnu wọn inú ọkọ̀ wà ní bíbó.

Tí ẹ bá wá fẹ́ mọ ibi tó ń gbà, ẹ ṣe é lódìkejì: ẹ fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ wọnú ẹ̀, 0.1 sí 0.2 bar péré (bar 1 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó agbára afẹ́fẹ́ ayé), kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ bọ omi pẹ̀lú gbogbo okùn àti mọ́tọ̀ ẹ̀, ẹ máa rí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń ru jáde. Ẹ má kọjá 0.2 yẹn. Pẹ̀lú ìdérí yín, 0.2 ti ń fi nǹkan bíi kílò 16 ti i síta, ìdérí tó bá fò lè fọ́ èèyàn lójú. Ẹ wọ gíláàsì ààbò, ẹ má sì gbé ojú sọ́gangan ìdérí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni omi. Ẹ fi tíṣù yí inú páìpù ká, ẹ fi òkúta tàbí irin sí i kó lè rì, ẹ fi okùn sọ̀ ọ́ sísàlẹ̀ ní mítà 3 fún wákàtí kan. Tíṣù kì í parọ́, ibi tí omi bá ti kan án, àpá ẹ̀ á wà níbẹ̀.

Ẹ tún sọ̀rọ̀ kùrukùru. Ọ̀tọ̀ lèyí, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tí ẹ pa mọ́ inú ọkọ̀ ní omi nínú, tí páìpù bá dé inú omi tútù, omi yẹn á bò ó lójú bí ìgbà téèyàn mí sí gíláàsì. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ lítà 2 tó wà nínú páìpù yín ò lè mú ju ẹ̀kán 1 tàbí 2 jáde lọ, ṣíbí 3 ò lè ti ibẹ̀ wá láéláé. Ẹ kó àwọn àpò silica gel kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun síbẹ̀, ẹ yan wọ́n gbẹ díẹ̀ nínú ààrò kí ẹ tó lò wọ́n, kùrukùru á lọ.

Ti mọ́tọ̀, irú wo ni? Tó bá jẹ́ mọ́tọ̀ kékeré tó ní bọ́rọ́ọ̀ṣì, èédú kékeré tó ń gbé iná fún apá tó ń yí, tí ẹ kàn fi téèpù wé, ẹ̀yìn ọ̀la ẹ̀ ò pẹ́. Ẹ lè fi í sínú ike kékeré kan, kí ẹ yọ́ ìda rọ́ kún un yíká, kí ọ̀pá ẹ̀ nìkan ló yọ jáde, ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú omi tí ò jìn púpọ̀. Mọ́tọ̀ brushless ni èmi ń lò ní tèmi, torí kò ní bọ́rọ́ọ̀ṣì rárá, àwọ̀ sì ti wà lára bàbà inú ẹ̀, ìhòhò ló ń wọ omi, omi ń gba inú ẹ̀ kọjá, kò sì sí ìdí láti dí ibi tí ọ̀pá ń yí, ibẹ̀ ló le jù láti dí nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Tó bá jẹ́ omi òkun, ẹ fi omi tí ò níyọ̀ ṣàn án lọ́jọ́ náà gan-an, torí bíárìn ẹ̀ á dípẹtà.

Wáyà_Pupa

Ẹ ṣeun, Ìjìnlẹ̀. Èmi náà kò fi ikùn òfìfo ṣe ìdánwò nígbà àkọ́kọ́, òun ló jẹ́ kí n mọ iye tí kámẹ́rà ń jẹ́.

Ọmọ_Odò, mọ́tọ̀ tó ń wọ́ yẹn, okùn yẹn náà ló fà á. Wáyà inú Cat5 tín-ín-rín gan-an, mítà kan ẹ̀ ń dí iná lọ́wọ́ ní nǹkan bíi ohm 0.084. Iná á lọ mítà 20, á tún bọ̀ mítà 20, ó di 40, ìyẹn lé ní ohm 3.3. Tí mọ́tọ̀ kan bá fẹ́ fa ámípíà 2, ó ku díẹ̀ kí 7 V ṣègbé sínú okùn kó tó dé ọ̀dọ̀ mọ́tọ̀, tí ẹ sì ní 12 V lọ́wọ́. Okùn yẹn ló ń jẹ ẹ́, ó ń sọ ọ́ di ooru. Ẹ lo wáyà bàbà 1.5 mm² fún iná mọ́tọ̀, tìyẹn ò ní gbà ju 1 V lọ nínú ìrìn kan náà, kí Cat5 máa gbé àwòrán nìkan. Ó máa wúwo díẹ̀, ẹ so fóòmù kéékèèké mọ́ ọn lójú ọ̀nà. Ẹ fi fíúsì sí i lókè níbi bátìrì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó iná ilé wọ omi pẹ̀lú yín, 12 V yẹn ni kó mọ.

Wi-Fi ò lè ṣe é. Omi ń gbé rédíò 2.4 GHz mì, kí ọkọ̀ tó rì tán ni ẹ ti máa pàdánù ẹ̀. Àwọn tó ń wa ọkọ̀ abẹ́ omi kékeré láì lo okùn, rédíò àtijọ́ bíi 40 MHz ni wọ́n ń lò, ìyẹn náà ò kọjá mítà mélòó kan nínú omi tí ò níyọ̀, nínú omi oníyọ̀ kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Okùn yẹn ni ìwọ́ ọmọ yín. Ìgbà tí mọ́tọ̀ bá kú, òun náà lẹ máa fi fà á wálé.

Àgbà_Omi

Mo ti ka gbogbo ẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni mo wá sọ sí, èyí tí ẹ kọ gbẹ̀yìn, pé ẹ fẹ́ jókòó sínú èyí tó ń bọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é.

Gírísì_Díẹ̀ ti ṣe ìṣirò ìdérí sẹ̀ǹtímítà 10 fún yín. Ẹ wá ṣe ti ẹnu ọ̀nà tí èèyàn lè gbà wọlé, ká ní ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50. Ní mítà 10 péré, ẹrù tó wà lórí ẹ̀ ti tó tọ́ọ̀nù 2. Ẹ ò lè tì í sí òde láti inú, àfìgbà tí omi bá kún inú ọkọ̀ tán tí pírẹ́ṣọ̀ inú àti ìta bá dọ́gba. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ náà, kí ọ́síjìn tó tán ni káábọ́ọ̀nù dáyọ́síàdì tí ẹ ń mí síta ti máa pa yín lọ́kàn dà, ẹ ò ní lè ronú tààrà mọ́. Ìkùnà tó ba kámẹ́rà yín jẹ́ nínú kékeré yìí, ṣíbí omi 3, ẹ fi aṣọ nù ún. Nínú ńlá, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ abẹ́ omi Titan fọ́ mọ́ èèyàn 5 lórí nígbà tí wọ́n ń lọ wo àwókù Titanic, ó jìn tó nǹkan bíi mítà 3,800 níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ló ṣe é, kì í ṣe ẹnì kan nínú gáréèjì, carbon fiber ni wọ́n fi ṣe ikùn ẹ̀, ó sì ti rì ó sì ti jáde rí kí ó tó di ọjọ́ yẹn. Ẹ fi wé Trieste, ọkọ̀ abẹ́ omi míì, tó gbé Jacques Piccard àti Don Walsh dé ìsàlẹ̀ òkun tó jìn jù láyé ní oṣù kìíní ọdún 1960, nǹkan bíi mítà 10,900, òbìrí irin bíi bọ́ọ̀lù tí ara ẹ̀ nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 12.7 ni wọ́n jókòó sí. Irú irin yẹn, ẹnì kan kì í dá a rọ nílé.

Ẹ jẹ́ kí ojú yín wọ omi, kí ara yín dúró létí bèbè. N ò sọ ọ́ láti bà yín lọ́kàn jẹ́. Kékeré yìí fúnra ẹ̀ tó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó ń fi irú ẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ ojú omi àti ìdí afárá wà, iṣẹ́ gidi ni.

Ọmọ_Odò

Àgbà_Omi, mo gbọ́, mo dúpẹ́. Mo fi ọ̀rọ̀ yín han ìyàwó mi, ó ní kí n bá òun kí yín. Mo ti pa èrò yẹn tì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ. Mo yá pọ́ǹpù bíréèkì lọ́wọ́ mẹkáníìkì kan. Bí ọkọ̀ yẹn ṣe wà tẹ́lẹ̀, mo fà á dé 10, kó tó ìṣẹ́jú 3 ó ti wálẹ̀ dé 4. Mo wá fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ ẹ dé 0.15, mo tẹ̀ ẹ́ bọ omi, mo wò ó. Ibi 3 ló ti ń ru jáde! Ìkan lára okùn, tó mítà 2 sí ọkọ̀, níbi tó ti fara gún etí férémù, mo ti ń fọwọ́ kọjá níbẹ̀ lójoojúmọ́ láì rí i. Ìkejì, ẹnu mọ́tọ̀ ọwọ́ òsì, afẹ́fẹ́ ń gba inú wáyà jáde síbẹ̀ gẹ́lẹ́ bí Wáyà_Pupa ṣe sọ. Ìkẹta, etí ìdérí iwájú, ó ń yọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́, ìyẹn ti Gírísì_Díẹ̀. O-ring tí mo ti ń fura sí látọjọ́ yìí, òun nìkan ni kò ṣe nǹkan kan.

Mo gé okùn yẹn kúrò pátápátá, mo ha silicone fún ọjọ́ méjì gbáko, mo ṣe ìdérí iwájú tó ní èjìká àti O-ring, mo bó wáyà mo jó o ní lẹ́ẹ̀dì mo da epoxy sí i, mo fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Géèjì bẹ̀rẹ̀ ní 10, lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 ó wà ní 9 àbọ̀. Mo kó tíṣù sí i, mo sọ̀ ọ́ sí mítà 3 fún wákàtí kan, tíṣù jáde ó gbẹ bí ìgbà tí mo fi síbẹ̀. Lánàá ni mo tó gbé kámẹ́rà wọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú 40 ló fi wà nísàlẹ̀, mo rí ẹja kan tó wá dúró síwájú ẹ̀ tó ń wò ó, n ò lè ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi.

Ìdí tó ń rì ló kù. Mo gbé fóòmù rírọ̀ sórí ẹ̀yìn ẹ̀, lókè omi ó tẹ́jú, tó bá ti dé mítà 3 ìdí á tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.

Ìjìnlẹ̀

Ẹ kú oríire o! Ọkàn mi balẹ̀.

Fóòmù rírọ̀ yẹn ló ń fà á. Afẹ́fẹ́ ló kún inú ẹ̀, bí ẹ bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni omi á máa fún un pọ̀, bó ṣe ń kéré sí i ni agbára tó fi ń gbé ìdí sókè ń dín kù, tí ẹ bá tún jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ á burú sí i. Ẹ yọ ọ́. Ẹ gé páìpù PVC kúkúrú 2, ẹ dí orí àti ìdí wọn pa, ẹ dán àwọn náà wò bí ẹ ṣe dán ikùn wò, kí ẹ so wọ́n mọ́ òkè férémù lápá ẹ̀yìn, omi ò lè fún ìyẹn pọ̀. Ohun tó wúwo, irin tàbí òkúta, ìsàlẹ̀ pátápátá ni kó wà, ohun tó fúyẹ́ lókè pátápátá, kí àyè wà láàárín wọn, ọkọ̀ yẹn ò ní yí dànù.

Ti ìwọ̀n, ikùn yín nìkan gba àyè omi bíi lítà 2.36, kílò 2.36 ni omi fi ń tì í sókè. Ẹ wọn ikùn pẹ̀lú ohun tó wà nínú ẹ̀, ohun tó bá kù kó tó pé iye yẹn lẹ máa fi òkúta dí. Ẹ jẹ́ kó fẹ́ẹ́ léfòó díẹ̀, kó jẹ́ pé tí iná bá lọ, á rọra padà sókè fúnra ẹ̀. Tí ẹ bá wá gbé e lọ sí omi òkun lọ́jọ́ kan, omi yẹn wúwo ju èyí lọ, ẹ máa nílò nǹkan bíi gíráàmù 60 kún un fún ikùn nìkan. Ẹ gbé ìwọ̀n kéékèèké dání lọ.

Ọmọ_Odò

Mo ti gé páìpù 2 náà, epoxy ń gbẹ lórí tábìlì báyìí. Lọ́la mo máa fi géèjì wò wọ́n.